Ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá àgbà, ta ló ń sọ ìgbà tí òbí ẹ̀ máa rí i?

Ìyá àgbà tí kọ́ọ̀tù gbé ọmọ fún máa ń rò pé gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ òun, ẹni tó bí ọmọ náà á ní ṣebí èmi ni mo bí i, kí ni wọ́n ń fi ìwé dẹ́rù bà mí sí. Irọ́ ni tàwọn méjèèjì. Ohun tó wà nínú ìwé kọ́ọ̀tù labẹ́ gé.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń darí ẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń lọ jọra. Tí òbí bá ń lo oògùn olóró, tàbí ó wà lẹ́wọ̀n, tàbí ó kàn fọmọ sílẹ̀ tó lọ, kọ́ọ̀tù lè ní kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà máa tọ́jú ọmọ. Wọ́n á lè forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níléèwé, wọ́n á lè fọwọ́ síwèé fún un ní ọsibítù. Àmọ́ òbí ṣì ni òbí lójú òfin, kò dà bíi kí wọ́n gba ọmọ ṣọmọ pátápátá, ìyẹn ló máa ń já okùn. Torí ẹ̀ ni adájọ́ ṣe sábà máa ń fún òbí láyè láti máa rí ọmọ ẹ̀, àfi tó bá léwu fọ́mọ.

Bí wọ́n ṣe kọ àyè yẹn sílẹ̀ gan-an ló ń fa wàhálà. Ìwé míì á kàn ní kí òbí máa rí ọmọ "nígbà tó bá bójú mu". Ta ló fẹ́ sọ èyí tó bójú mu? Lójú ìyá ọmọ, láti Fúráìdé títí di Sọ́ńdè ni, lójú ìyá àgbà, wákàtí 2 ní pálọ̀ òun ni, kóun náà sì jókòó tì wọ́n. Ìwé tó dáa á dárúkọ ọjọ́ àti aago, ibi tí wọ́n ti máa gbé ọmọ fún ara wọn, ẹni tó máa wakọ̀, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa fi dúró tẹ́nì kan bá pẹ́, ta ló lọmọ lọ́jọ́ Kérésì, àti ìgbà tí òbí lè pè é lórí fóònù. Tí ẹ̀rù bá ń ba adájọ́, ó lè ní kẹ́nì kẹta máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tí àyẹ̀wò oògùn bá wá ń jáde dáadáa fóṣù bíi mélòó kan, wọ́n á fi kún wákàtí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ á fi máa sun ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Kí ìyá àgbà wá ní "ẹ ò sanwó oúnjẹ ọmọ, ẹ ò níí rí i", ìyẹn ò sí níbẹ̀ rárá, ọ̀tọ̀ lowó, ọ̀tọ̀ ni kí òbí rọ́mọ. Kí òbí náà gbọ́mọ lọ kó má dá a padà lásìkò, òun náà ti rú òfin nìyẹn. Tí wọ́n bá pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sábà máa ń ní kí wọ́n padà sí kọ́ọ̀tù, àfi tí ẹ̀mí ọmọ bá wà nínú ewu.

Tẹ́nì kan ò bá tẹ̀lé ìwé, ẹnì kejì á ní kí adájọ́ fipá mú un, adájọ́ lè dá ọjọ́ tó sọnù padà, ó lè ní kó sanwó lọ́yà, ó tiẹ̀ lè jù ú sẹ́wọ̀n. Tó bá jẹ́ ìwé yẹn gan-an ni kò wúlò mọ́, ẹjọ́ míì nìyẹn, wọ́n á fi hàn pé nǹkan ti yí padà gidi àti pé àyípadà máa ṣọmọ lóore. Ẹ̀rí ló sì ń jà níbẹ̀, ariwo kọ́. Ká ní ìyá àgbà kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nípa òbí ọmọ: "Ọjọ́ 7, 4:00 la dé páàkì, 4:12 ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, 4:45 a lọ, kò wá." Ìlà kan báyìí lágbára ju ẹkún wákàtí kan lọ.

Àwọn òbí máa ń fi ẹjọ́ Troxel àti Granville tí Kọ́ọ̀tù Tó Ga Jù ní Amẹ́ríkà dá lọ́dún 2000 halẹ̀. Lóòótọ́ ló sọ pé kí wọ́n ka ìpinnu òbí tó yẹ lóbìí sí, àmọ́ àwọn òbí àgbà tó fẹ́ máa rọ́mọ ló wà nídìí ẹjọ́ yẹn, ọmọ ò sí lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó bá sì rò pé òun á kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì kóun lè bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tuntun, kọ́ọ̀tù tó kọ́kọ́ kọ ìwé ló sábà ṣì máa ń láṣẹ lórí ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tẹ́nì kejì bá ṣì ń gbé níbẹ̀.