Sátẹ́láìtì kì í dúró sójú kan wo Lọ́kọ́jà

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, tí Odò Ọya kún dé etí títì ní Lọ́kọ́jà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gbẹnu kan: "Ṣebí ìjọba ní sátẹ́láìtì lókè? Kí ló ń wò?" Pé sátẹ́láìtì ń ya àwòrán ayé, a ò jiyàn ìyẹn. NigeriaSat-1, tó gòkè lọ́dún 2003, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya New Orleans, ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005. "Ń wò" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú, àfi bí ẹni jókòó sójú fèrèsé.

Mo fura pé díìṣì ara ògiri ló fa èrò yìí. Ẹni tó wá rì í kọjú rẹ̀ síbì kan, ó dè é pa, àwòrán sì ń wọlé tọ̀sán-tòru. Lóòótọ́, sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n kì í kúrò lójú kan: nǹkan bí 36,000 kìlómítà ló ga tó, òun àti ayé jọ ń yí ni. Sátẹ́láìtì tó ń fi rédà ya àwòrán ò lè gbébẹ̀. Kì í retí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bíi kámẹ́rà. Òun ló ń ju ìgbì sílẹ̀, tó ń gba èyí tó bá ta padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń ríran lóru, tó sì ń la ìkùukùu kọjá, ìkùukùu tó ń dí kámẹ́rà àwọn NigeriaSat lójú lásìkò òjò gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá jìn, ìgbì á ti rẹ̀ kó tó padà. Ó di dandan kí rédà sún mọ́ ilẹ̀. NovaSAR-1, sátẹ́láìtì rédà tí wọ́n ṣe ní Guildford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbéra láti Íńdíà ní 2018, wà ní nǹkan bí 580 kìlómítà. Níbẹ̀, eré ni kì í jẹ́ kó já bọ́: ó ń sá ju kìlómítà méje lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá kọjá lórí Lọ́kọ́jà, tó yí ayé po ní bíi wákàtí kan ààbọ̀, ayé náà ti yí lábẹ́ rẹ̀. Orí òkun Àtìláńtíìkì ló máa bá ara rẹ̀. Ó di ọjọ́ mìíràn.

Ibi tí sátẹ́láìtì kékeré olówó pọ́ọ́kú ti wúlò nìyí. Sentinel-1A, sátẹ́láìtì rédà ti Yúróòpù, wúwo tó 2,300 kìlógíráàmù. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ICEYE ti Finland kọ́kọ́ gbé lọ ní 2018 kò tó 100. Bí wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni òmíràn á máa dé. Bóyá. Omi tó ti dé ni rédà ń rí ṣá, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀. Nínú oko, omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń dúdú nínú àwòrán rẹ̀, ó rọrùn láti mọ̀; láàárín ilé, ògiri ń da ìgbì padà, omi lè mọ́lẹ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ kíyè sí àwòrán "sátẹ́láìtì lójú ẹsẹ̀" tó ń káàkiri WhatsApp lọ́jọ́ tí òjò ò dá, tó mọ́ gaara, aláwọ̀ mèremère, tí kò ní ìkùukùu kankan. Aláwọ̀ eérú ni àwòrán rédà, àfi bí wọ́n bá kùn ún lẹ́yìn. Kámẹ́rà ò sì ríran lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Níbo ni wọ́n ti yà á?