Ìró píì nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì

Ìró píì ni ariwo tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa ń pa nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, tí ó sì kọ̀ láti gbéra. Fáànù lè máa yí, iná iwájú rẹ̀ lè máa tàn, ṣùgbọ́n ojú móńítọ̀ á dúdú kirikiri. Ẹ̀rọ náà ló ń fi ìró yìí sọ ibi tó ń dùn ún.

Orísun rẹ̀

Kí Windows tàbí Linux tó wọlé, BIOS ló kọ́kọ́ ń jí. Ètò kékeré ni, inú ṣíìpù kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́, ló ń gbé. Á yẹ RAM wò, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí fúngbà díẹ̀, á yẹ káàdì àwòrán tó ń gbé àwòrán lọ sí móńítọ̀ wò, á yẹ kíbọ́ọ̀dù wò. Àyẹ̀wò yìí ni wọ́n ń pè ní POST, ó sì ti wà láti ìgbà IBM PC ti ọdún 1981. Bí nǹkan kan bá kọ̀ kí káàdì àwòrán tó ṣiṣẹ́, BIOS kò rí ojú kankan kọ ọ́ sí. Sípíkà kékeré tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, tí wọ́n jó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù tàbí tí wọ́n fi wáyà kì bọ̀ ọ́, ló ń gbà sọ̀rọ̀. Sípíkà tí a fi ń gbọ́ orin kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kíka ìró

Ìlù dùndún ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. BIOS kò ní ju ohùn kan lọ. Iye ìró, gígùn àti kúkurú rẹ̀, àti ìsinmi àárín wọn nìkan ló ní láti fi sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń pa ẹ̀rọ náà, tí a ó tún un tàn, tí a ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán kí a tó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé àwọn tó ń ṣe BIOS kò fohùn ṣọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká mú ìró kúkurú márùn-ún. Lọ́dọ̀ AMI, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe BIOS, processor, ọpọlọ ẹ̀rọ, ló ń tọ́ka sí. Lórí ọ̀pọ̀ Dell tí kò pẹ́ púpọ̀, bátìrì CMOS ni, ìyẹn bátìrì kékeré orí mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń tọ́jú aago ẹ̀rọ. Lórí HP Compaq àtijọ́, tí iná pupa máa ń ṣẹ́jú pẹ̀lú ìró náà, RAM ni. Ẹni tó bá fi ìtumọ̀ AMI ka ti HP lè lọ ra processor sórí ìdọ̀tí ara RAM tí írésà ìbá nù kúrò.

Lórí àwọn Dell yẹn kan náà, ìró méjì túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò rí RAM kankan, mẹ́rin, pé ó rí i ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i tàbí kà á, mẹ́fà, káàdì àwòrán, méje, processor. Ní ti Award, tí òun náà ń ṣe BIOS, gígùn kan àti kúkurú méjì sábà máa ń jẹ́ káàdì àwòrán, gígùn tí kò dáwọ́ dúró sì jẹ́ RAM. Phoenix, ilé-iṣẹ́ BIOS mìíràn, ń pín tirẹ̀ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, bíi 1-3-1-1, tó jẹ mọ́ RAM. Ìró kúkurú kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ sì gbéra lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́.

RAM

RAM ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé wọn kò jó o mọ́ ibì kankan. Ṣe ni wọ́n kàn tì í bọ ihò rẹ̀, eruku tàbí ìgbọ̀nrìrì díẹ̀ sì tó láti mú kó má kan dáadáa mọ́.

A ó yọ okùn iná kúrò lára ògiri, a ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí iná tó ṣẹ́kù lè gbẹ, a ó sì fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀rọ. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì nígbà ọyẹ́, tí aṣọ tí a ń bọ́ lọ́rùn máa ń ta pàrà: irú iná bẹ́ẹ̀ lè pa RAM láìjẹ́ pé ẹni tó mú un dání mọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó ti etí ihò náà sẹ́yìn, RAM á sì sọ sókè. Eyín aláwọ̀ wúrà tó wà létí rẹ̀ ni a ó fi írésà pẹ́ńsù pa, tojú tẹ̀yìn. Bí írésà bá dúdú, ìdọ̀tí ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni a fi ń gbọn èérún rẹ̀; a kì í fi ẹnu fẹ́ inú ihò, nítorí itọ́. Nígbà tí a bá ń dá a padà, a ó tẹ̀ ẹ́ títí etí ihò yóò fi dún kò.

Bí RAM bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó dán wò nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ̀ bóyá RAM ló bàjẹ́ tàbí ihò. DDR3 àti DDR4 jẹ́ irú RAM méjì, DDR3 kì í wọ ihò DDR4: ibi tí wọ́n gé sí lára wọn kò bára mu, 1.5 volt ni DDR3 ń lò, DDR4 ń lo 1.2.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yíká LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ló jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹ̀rọ tó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sí Èkó, tó tún gba Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kọjá nínú ọkọ̀ akẹ́rù, lè dé pẹ̀lú RAM tàbí káàdì àwòrán tó ti yẹ̀ nínú ihò. Eruku ọyẹ́ á wá parí èyí tó kù. Àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà tún lè ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn power pack, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, tí wọ́n ti yí sí 115 volt. Iná Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 230 volt, nítorí náà gbáú ni irú rẹ̀ máa ń dún, kì í ṣe píì.

Ẹ̀yà yòókù

Káàdì àwòrán náà ṣeé yọ kí a sì kì padà bíi RAM. Bátìrì CMOS, CR2032 oní-volt 3, kì í sábà dá ẹ̀rọ dúró. Bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù tó há náà lè mú kí ó máa dún.

Nígbà tí kò bá dún

Ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù òde òní kò ní sípíkà. Iná kéékèèké tí wọ́n kọ CPU (processor), DRAM (RAM), VGA (káàdì àwòrán) àti BOOT (gbígbéra) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló rọ́pò rẹ̀ lórí àwọn kan. Bí sípíkà bá wà, tí a yọ gbogbo RAM kúrò, tí ẹ̀rọ náà kò sì dún rárá, power pack, processor àti mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló kù láti yẹ̀ wò.