Ilé Ìwòsàn Ọmọdé: Bí Ìyá Ṣe Dèrò Ìta àti Bó Ṣe Padà Wọlé

Kí ilé ìwòsàn ọmọdé tó dé London rárá ni dókítà kan ti kọ̀ ọ́. George Armstrong ló ń jẹ́. Ní 1769, ó ṣí ibì kan táwọn òbí tí kò rí já jẹ ti ń gba ìtọ́jú àti oògùn ọ̀fẹ́ fún ọmọ wọn. Abiyamọ á gbé ọmọ wá, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, tìyá tọmọ á sì jọ padà sílé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dórí pé kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì káwọn ọmọ lè máa sùn síbẹ̀, Armstrong ò gbà. Ó ní ẹni tó bá gba ọmọ tára ẹ̀ ò yá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló máa ba ọmọ náà lọ́kàn jẹ́. Ibẹ̀ kógbá sílé ní 1781.

Paris ya ilé ìwòsàn odindi sọ́tọ̀ fún ọmọdé ní 1802. London ò yá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wà láwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ní 1843, aláìsàn lé ní 2,300, àmọ́ 26 péré ni kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Dókítà Charles West ló ṣí ilé ìwòsàn ọmọdé Great Ormond Street síbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, 1852, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá. Ó yé West pé ọmọ ọwọ́ ò lè sọ ibi tó ń dùn ún, pé ẹkún rẹ̀ àti oorun rẹ̀ lèèyàn máa fi mọ̀. Ó kọ ìwé lé e lórí fáwọn nọ́ọ̀sì ní 1854.

Ta ló wá mọ ẹkún ọmọ bí ìyá rẹ̀? Ìyá ọ̀hún gan-an làwọn ilé ìwòsàn wá ń lé. Wọ́n ní àwọn òbí ń kó àrùn wọlé, wọ́n tún ní ọmọ máa ń sunkún jù tí ìyá bá ti bẹ̀ ẹ́ wò lọ. Ọmọ tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti mọlé. Ní 1952 ni James Robertson, tó ń ṣèwádìí nípa àwọn ọmọ tí wọ́n yà nípa sọ́dọ̀ ìyá wọn, fi fíìmù kan han àwọn dókítà, nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì tó lo ọjọ́ mẹ́jọ nílé ìwòsàn. Ọmọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ sunkún, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó wojú ẹ̀ tó máa sọ pé ara ti mọlé. Ọ̀pọ̀ dókítà bínú sí fíìmù náà.

Ní Newcastle, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ James Spence ti ń jẹ́ kí ìyá sùn ti ọmọ láti nǹkan bí ọdún 1925, kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ẹ̀. Ní 1947, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan délé, kí wọ́n lè mọ bí yàrá tó há àti àìrówóná ṣe ń bá àìsàn ṣọ̀rẹ́. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú àjùmọ̀ṣe lónìí, tí dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti òbí jọ ń jókòó ti ọmọ kan, ibẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìròyìn ìgbìmọ̀ Platt, tó yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó wà nílé ìwòsàn wò, ní 1959: kí òbí máa wá nígbàkígbà, kí ìyá ọmọ kékeré lè sùn tì í. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ò kọbi ara sí i. Nígbà tó di 1961, àwọn ìyá kan ní London kóra jọ, wọ́n dẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, wọ́n ń béèrè aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fáwọn òbí.