Kí Ni Àbàwọ́n Aláwọ̀ Eérú Tí Ó Wà Lójú Ewé Kọfí?

Ìbéèrè: Nínú oko kọfí wa lẹ́bàá Kàbà, mo rí àbàwọ́n róbótó lójú àwọn ewé tí ó ti gbó. Àwọ̀ wọn dà bí eérú tí a po ewé mọ́, àmì dúdú tíntìntín sì wà láàárín wọn. Mo fi èékánná ha á, kò ṣí. Ṣé àrùn ni?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ Strigula, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá tí à ń pè ní láíkìn. Ẹ̀dá méjì ni ó ń gbé pọ̀ nínú láíkìn kan: fọ́ńgọ́ọ̀sì, tí ó jẹ́ ẹbí olú, àti álígà, ẹbí ohun tí ó máa ń sọ omi adágún di aláwọ̀ ewé. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe ilé, álígà sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí Simon Schwendener, ará Switzerland, sọ bẹ́ẹ̀ ní 1867, ọ̀pọ̀ onímọ̀ láíkìn ni kò gbà á gbọ́.

Orí ewé lásán ni ọ̀pọ̀ jù lọ láíkìn ewé máa ń jókòó sí. Ti Strigula yàtọ̀, ìdí sì nìyí tí èékánná yín kò fi ràn án: álígà rẹ̀, Cephaleuros, ń gbé lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tí ń dán lójú ewé. Bí ó bá dá wà, àbàwọ́n rẹ̀ a máa pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún. Ìgbà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá yí i ká ni ó di aláwọ̀ eérú. Inú àwọn àmì dúdú yẹn ni irúgbìn fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ń jáde.

Ìbéèrè: Ṣé yóò pa kọfí wa?

Ìdáhùn: Igi tí ara rẹ̀ le kì í tipa bẹ́ẹ̀ kú. Lóòótọ́, Cephaleuros ń gba omi díẹ̀ lára ewé, àbàwọ́n náà sì ń dí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ sáré ra oògùn. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka tí ó ṣú pọ̀, kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn lè wọlé.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ó fi pọ̀ létí odò, tí kò sì sí lára ewé tuntun?

Ìdáhùn: Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà, nítorí náà ewé tuntun kò tíì pẹ́ tó fún un. Ọyẹ́ a máa gbẹ ẹ́ títí yóò fi dákẹ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin kì í tètè tán létí odò. Bí ewé bá já bọ́, láíkìn orí rẹ̀ parí nìyẹn, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ti tú irúgbìn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ ṣáájú. Ewé kọfí, tí kì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti àràbà, ń fún un ní àkókò yẹn.