Ìlù àti Ẹsẹ̀ Nínú Ijó Kathak

Kathak jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ijó àtayébáyé ti orílẹ̀-èdè Íńdíà, apá àríwá ibẹ̀ ló ti wá. Ó máa ń sọ ìtàn pẹ̀lú ojú àti ọwọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ jù. Oníjó Kathak kì í tẹ orúnkún bíi ti ijó Bharatanatyam tó wà lápá gúúsù, ńṣe ló máa nàró, láìwọ bàtà, táá máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀, nígbà míì gìgísẹ̀ nìkan.

Ṣaworo idẹ tí wọ́n ń pè ní ghungroo ló máa ń wà lọ́rùn ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n máa ń so ó mọ́ okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan lè gbé 100 sí 150, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tiẹ̀ lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ká kàn máa pariwo o, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè dín ohùn ẹ̀ kù títí táá fi ku ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń dún.

Ìpìlẹ̀ ẹ̀ ni tatkar. Ohun tí wọ́n máa ń fẹnu pè ni "ta thei thei tat, aa thei thei tat", ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, lẹ́yìn ìyẹn òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ẹ wò ó pé òsì tẹ̀lé òsì láàárín, ibẹ̀ ló máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú. Tí wọ́n bá ti ṣe é jẹ́jẹ́ tó mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á sọ eré ẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin, kí bíìtì tó wà lábẹ́ ẹ̀ má sì yí padà.

Bí wọ́n ṣe to bíìtì yẹn, tí wọ́n á kà á dé òpin kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní, ni wọ́n ń pè ní taal. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni teentaal, bíìtì 16 tí wọ́n pín sí mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ lórí ìkíní, ìkarùn-ún àti ìkẹtàlá, wọ́n á kàn ju ọwọ́ sófìfo lórí ìkẹsàn-án. Jhaptaal ní 10, dhamar ní 14. Ìlù tabla àti pakhawaj ni wọ́n máa ń lù sí i, nígbà tí sarangi, ohun èlò orin olókùn, tàbí hamóníọ́mù á máa tún orin kékeré kan náà kọ láìdúró kí gbogbo wọn lè mọ ibi tí wọ́n kà dé. Ìkíní yẹn ń jẹ́ sam, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ràn jù láti fi débẹ̀ ni tihai, ìyẹn ni kí wọ́n ṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn bọ́ sórí sam gẹ́lẹ́. Ká ní oníjó bẹ̀rẹ̀ láti orí sam nínú teentaal, tó jó bíìtì márùn-ún, tó sinmi lórí ọ̀kan, tó tún jó márùn-ún, tó sinmi lórí ọ̀kan, tó wá jó márùn-ún tó kẹ́yìn: gbogbo ẹ̀ jẹ́ 17, ìkẹtàdínlógún sì ni sam tuntun. Tí wọ́n bá wá mú odidi àkójọ kan tó ní tihai nínú, tí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ jó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di chakkardar nìyẹn. Kí wọ́n tó jó o, oníjó sábà máa ń kọ́kọ́ fẹnu ka gbogbo ẹ̀ síta pẹ̀lú àtẹ́wọ́, padhant ni wọ́n ń pè é, àwọn èrò ìwòran náà á sì máa bá a kà.

Ìdílé ijó Kathak, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ ọ ní ọ̀nà tiwọn, tó gbajúmọ̀ jù ni ti ìlú Lucknow, Jaipur àti Banaras. Ti Lucknow gbilẹ̀ láàfin ọba Wajid Ali Shah tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì yọ lóyè lọ́dún 1856, oníjó Birju Maharaj (1938–2022) wá látinú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ojú àti ọwọ́ ló ká wọn lára jù. Jaipur ní tiẹ̀ ò fi iṣẹ́ ẹsẹ̀ tó le ṣeré rárá. Ní Amẹ́ríkà, Chitresh Das (1944–2015) ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ máa kọrin, kí wọ́n máa ka bíìtì, kí wọ́n sì máa jó lẹ́ẹ̀kan náà, òun náà ló bá Jason Samuels Smith tó ń fi bàtà onírin jó tap dìde lórí ìtàgé, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ dá ara wọn lóhùn.