Ìtọ́jú igbó lọ́wọ́ ará ìlú ní ilẹ̀ Òkun

Ilẹ̀ Òkun wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ló ń gbé ibẹ̀, inú "Òkun" tí wọ́n fi ń kí ara wọn ni orúkọ náà sì ti wá. Ọ̀dàn onígi ni ilẹ̀ náà, òkè olókùúta sì pọ̀ níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Ẹ̀rùn ló ni ìyókù ọdún. Àwọn olórí ẹbí, baálé, ọdẹ àti àwọn obìnrin tó ń ṣe irú àti òrí ló ń tọ́jú igbó níbẹ̀ ju ẹlòmíì lọ, nítorí inú igbó náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Igi inú oko

Ọ̀pọ̀ igi òrí àti irúgbá tó dúró láàárín ebè iṣu, kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n. Wọ́n lalẹ̀ hù ni, ẹni tó ṣán oko sì dá wọn sí. Igi òrí lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so, nítorí náà ẹni tó bá dá a sí lónìí, ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe é fún. Àlejò tí ẹbí fún nílẹ̀ láti fi gbin iṣu tàbí àgbàdo kò ní ẹ̀tọ́ lórí igi eléso inú rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àmọ́ ní oko, ẹnu àgbà ẹbí ni wọ́n ṣì ń wò.

Ẹ̀sìn náà ti ṣe tirẹ̀. Ní Bùnú, wọ́n gbà pé ẹbọra ń gbé inú òkè, odò àti igbó kan, irú ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ń ki àdá bọ̀ bó ṣe wù ú.

Iná ni ọ̀tá ńlá. Nígbà ẹ̀rùn, àgbẹ̀ á ro etí oko rẹ̀ mọ́ yíká kí iná ìgbẹ́ má bàa ráyè wọlé. Àwọn mìíràn máa ń sun koríko nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, kí iná tó bá dé lẹ́yìn náà má bá ohun tí yóò jó.

Odò ṣe pàtàkì fún irú. Wọ́n á se irúgbá mọ́jú, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo yóò fi bọ́, wọ́n á wá gbé e lọ sódò lọ fọ̀. Wọ́n á tún un sè, wọ́n á dà á sínú igbá, wọ́n á fi ewé bò ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Níbi tí àwọn tó ń wa wúrà bá ti da omi rú, bíi ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú tí òkúta ibẹ̀ ní wúrà nínú, ìyà náà kọ́kọ́ ń jẹ àwọn obìnrin yìí. Òótọ́ ni pé irú sísè fúnra rẹ̀ ń jẹ igi ìdáná púpọ̀.

Ohun tó ń mú igi tán

Èédú àti pákó wà lára ohun tó ń pa igi jù. Igi tí àwọn oníṣòwò ń pè ní rosewood wọ inú CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó lè tán, ní 2017. Ní òpin 2018, CITES ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má ra á lọ́wọ́ Nàìjíríà mọ́. Igi apá tẹ̀ lé e sínú àdéhùn náà ní 2023. Kaṣú tún wà níbẹ̀. Ó ń mówó wọlé, Kogí sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń kó o jáde jù, ṣùgbọ́n oko kaṣú kì í fàyè sílẹ̀ fún òrí tàbí irúgbá. Ìjínigbé náà ti mú kí àwọn obìnrin bẹ̀rù àtijìnnà sílé lọ ṣa èso.

Òrí títà

Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso òrí lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lè máa fọ́ ọ nílé. Owó òrí tí a ti po kì í ṣe ẹgbẹ́ owó èso lásán. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún ni èso máa ń já bọ́. Obìnrin tó bá tètè jí ló ń bá èyí tó pọ̀ nílẹ̀. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ ló kù: wọ́n á máa po ó nínú omi títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó.