Orin sìlíńdà ń fò tàbí ó ń tún ara rẹ̀ kọ: ṣé jíà ni, àbí nǹkan mìíràn?

Ìbéèrè: Fonógíráfù Edison àtijọ́, ẹ̀rọ orin, ni mo ní, irú èyí tó ń lo sìlíńdà, ohun róbótó bí agolo tí a kọ orin sí lára. Ìlù irin tí a ń ki sìlíńdà bọ̀ ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n orin ń fò, nígbà mìíràn ó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Ṣé eyín jíà ló ti jẹ?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tú u. Lórí giramafóònù aláwo, abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé ojú ìlà tó sì ń fa apá rẹ̀ lọ. Ti ẹ̀rọ yín yàtọ̀. Skúrù gígùn kan ló ń gbé apá láti òsì lọ sí ọ̀tún, àbọ̀ nọ́ọ̀tì kan tó so mọ́ apá ló sì ń jókòó lé eyín skúrù náà. Bí ìrìn apá kò bá bá ìyípo sìlíńdà mu, abẹ́rẹ́ á fò síwájú tàbí kó padà sẹ́yìn. Ìrìn yìí ṣeé wọ̀n, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n.

Báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n?

Sìlíńdà oníṣẹ́jú 2 ní ìlà 100 nínú ínṣì kan. Oníṣẹ́jú 4, tí Edison mú jáde ní 1908 pẹ̀lú orúkọ Amberol, ní 200. Àwọn méjèèjì ń yí ní ìgbà 160 ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, láàárín ìṣẹ́jú kan, apá gbọ́dọ̀ rin ínṣì 1.6 (mìlímítà 40.6) fún oníṣẹ́jú 2, àti ínṣì 0.8 (mìlímítà 20.3) fún oníṣẹ́jú 4.

Ẹ yọ sìlíńdà kúrò, kí ẹ sì yọ orí tí abẹ́rẹ́ wà kí ó má bàa ha irin. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí ìlù, kí ẹ ka iye ìgbà tó kọjá: 40 ní ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí eré náà bá ti pé, ẹ sọ apá kalẹ̀, kí ẹ fi rúlà wo ibi tó dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan.

Bí ó bá rin 1.6 nígbà tó yẹ kó rin 0.8, jíà kò tíì bọ́ sí ipò 4 (ti sìlíńdà oníṣẹ́jú 4), tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀rọ yín ti wà ṣáájú 1908, tí kò ní ju jíà oníṣẹ́jú 2 lọ. Bí kò bá rìn rárá, ẹ wò ó bóyá skúrù ń yí. Bí skúrù bá ń yí, àbọ̀ nọ́ọ̀tì ni kò jókòó. Bí kò bá yí, jíà ni. Bí ìrìn rẹ̀ bá kúrú tàbí tó ń ta kọsẹ̀, àbọ̀ nọ́ọ̀tì tàbí ìdọ̀tí ni. Bí ó bá sì pé géérégé tí orin ṣì ń fò, ẹ fi jíà sílẹ̀, ẹ lọ wo orí abẹ́rẹ́ àti sìlíńdà fúnra rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe sí àbọ̀ nọ́ọ̀tì?

Ibí ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń wá. Eyín rẹ̀ kéré gan-an, bẹ́ẹ̀ ni epo tó ti gbẹ, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, tó láti gbé e kúrò nínú skúrù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ àti epo òyìnbó díẹ̀ fọ skúrù. Lẹ́yìn náà, ẹ ki òwú ìránṣọ sínú ìlà rẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí ìlù. Òwú náà á máa rìn láti òpin kan dé èkejì, á sì máa kó ẹrẹ̀ jáde. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí bébà ìdán. Ẹ má sì jẹ́ kí epo òyìnbó kan sìlíńdà tàbí àwòrán tí wọ́n yà sára ẹ̀rọ.

Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo àbọ̀ nọ́ọ̀tì. Eyín tó dára mú ṣóńṣó. Bó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, pààrọ̀ ló kù, nítorí fáìlì kò lè dá eyín bẹ́ẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń dán, ó jókòó wíwọ́: ẹ tú skúrù rẹ̀ díẹ̀, ẹ sọ apá kalẹ̀ kó fúnra rẹ̀ bọ́ sí ìlà, kí ẹ tó dè é. Irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ skúrù kò gbọ́dọ̀ le jù, torí á jẹ eyín tán, á sì fa ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ẹ̀kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan ti tó.

Ẹ̀rọ mi ní ipò 2 àti 4. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé jíà náà dára?

Ẹ sàmì sí ìlù àti skúrù, kí ẹ fi ọwọ́ yí ìlù ní ìgbà 10. Ní ipò 2, skúrù á yí ní ìgbà 10; ní ipò 4, ìgbà 5. Bí iye náà bá ń yí padà, jíà kan ti tú lórí ọ̀pá rẹ̀ tàbí eyín ti ká. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró kí ẹ tó pààrọ̀ ipò, kí ẹ rọra yí ìlù títí eyín fi wọnú ara wọn tán. Epo tó gbẹ lè dá jíà dúró sí agbedeméjì, tí etí eyín nìkan á fi máa gbé ẹrù. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń kán.

Mo ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀. Níbo ló ti ń wá?

Ẹ fetí sí bó ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Bó bá ń bá ìyípo ìlù lọ, jíà tàbí púlì (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí) tó wà lórí ọ̀pá ìlù ni. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ojú ìsopọ̀ bẹ́líìtì bá gun púlì, ìsopọ̀ náà ti nípọn jù. Ìró ńlá tó ń mi gbogbo àpótí, tí kò ní àkókò kan pàtó, sípíríǹgì tó ń fún ẹ̀rọ ní agbára ni: gíríìsì inú rẹ̀ ti gan.

Ṣé mo lè yọ jíà inú mọ́tò fúnra mi?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ yí títí agbára sípíríǹgì fi tán pátápátá. Gọ́fánọ̀, ẹ̀yà tó ń ṣọ́ eré ẹ̀rọ, ló ń dá agbára náà dúró. Bí ẹ bá yọ ọ́, tàbí tí ẹ yọ jíà èyíkéyìí láàárín òun àti sípíríǹgì, nígbà tí sípíríǹgì ṣì kún, gbogbo jíà á sáré lójijì, eyín á fọ́, ó sì lè gé yín níka. Ilé sípíríǹgì fúnra rẹ̀, ẹ má ṣí i bí ẹ kò bá tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kọ́ yín.